Ọjọ́ Tó Fara Pamọ́

Bàtà tí òjò ti rẹ ni obìnrin náà gbé lọ́wọ́ kan, ìwé pélébé ló mú lọ́wọ́ kejì, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá gba nǹkan rẹ̀ padà. Ọkùnrin tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà gbójú sókè.

"Ẹ kú iṣẹ́ sà. Èmi ni mò ń tọ́jú ilé-ìkàwé òdìkejì títì. Ètò yín la fi ń yáni níwèé. Ojú ewé mọ́kànlá ni mo ṣí lórí ìkànnì yín kí n tó rí ọjọ́ tí ẹ̀dà tuntun máa jáde. Ṣé ẹrù olè ni, tí ẹ fi gbé e pamọ́ tó bẹ́ẹ̀?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà bá a níbi tó ń dùn ún. Ètò ọ̀fẹ́ ni, gbogbo ayé ló lè wò ó, ẹnikẹ́ni ló lè tún un ṣe. Ọjọ́ ìjáde nìkan ló ń fi pamọ́. Ó ti dájọ́ rí, ọjọ́ yẹ̀, wọ́n sì sọ̀kò ọ̀rọ̀ lù ú. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá.

Obìnrin náà fi àtúnṣe kan ránṣẹ́: kí líǹkì ọjọ́ ìjáde wà ní ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé ìtọ́nisọ́nà. Àtúnṣe kì í wọnú ètò náà láìsí àṣẹ ọkùnrin yìí. Ó ní òun á wò ó. Ó ń wò ó títí ọdún fi yípo, ìfẹ́ sì ti wọ àárín wọn, ó ti jókòó, ó ti nasẹ̀.

"Olówó orí mi lọ́la, ìgbà wo lo máa wá rí bàbá mi?"

"Láìpẹ́, ayọ̀ mi."

"Láìpẹ́ kì í ṣe ọjọ́."

Nígbà tó yá, iṣẹ́ jáde fún obìnrin náà ní ìlú mìíràn, wọ́n sì ní kó fèsì láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Kò sunkún, kò jà. "Bí mo bá rí ọjọ́ kan dì mú, mi ò ní lọ," ló wí. "Àmọ́ mi ò lè máa wá a kiri mọ́."

Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà gidi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kọ ọ́ sábẹ́ àtúnṣe náà pé, "Mo ti wò ó. Mo fọwọ́ sí i." Ó sì gba ilé bàbá obìnrin náà lọ.

Ọ̀gá ibùdókọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá. Pátákó dúdú tó fi ń kọ àkókò ọkọ̀ ṣì wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀.

"Bàbá, mo wá dájọ́ ìgbéyàwó. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bó bá yẹ̀ ńkọ́?"

"Ọmọ mi, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ àkókò síbẹ̀ yẹn. Ọkọ̀ máa ń pẹ́, wọn kì í bú mi. Ọjọ́ tí mi ò bá kọ ọ́ pé ó máa pẹ́ ni wọ́n ń bú mi." Bàbá na ṣọ́ọ̀kì sí i. "Kọ ọ́. Bó bá yẹ̀, wá pa á rẹ́ lójú wa, kí o kọ òmíràn."

Ó kọ ọ́ gàdàgbà: Sátidé tó kẹ́yìn oṣù tó ń bọ̀.

Obìnrin náà gbé omi jáde láti ilé ìdáná. Ó kà á, ó tún un kà. Ó gbé ife sílẹ̀, ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ ọjọ́ náà pé, "Mo ti wò ó. Mo fọwọ́ sí i."