Ọ̀nà Gábọ̀n tí Adébáyọ̀ kọ́ Kaoussara

Lọ́jọ́ tí Kaoussara kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, epo ni mo ń gbé kaná, mi ò kọbi ara sí i. Tí èèyàn bá ń din iṣu tà láti fi jẹun, tí ẹsẹ̀ sì ti ń ro ó láti àárọ̀, kì í ṣe gbogbo obìnrin tó bá kọjá ló máa ń wò lójú.

Ibùdókọ̀ ojú-irin Tchaourou ni mo ti ń tajà. Ọkọ̀ ojú-irin kò wá mọ́. Koríko ti bo irin, ewúrẹ́ ló ń sùn níbi tí èrò ti máa ń dúró. Ṣùgbọ́n òrùlé ibẹ̀ ṣì dára, ibòji wà, àwọn oní-zẹ́mì sì máa ń sinmi níbẹ̀ kí wọ́n tó tún gbé alùpùpù wọn wá èrò lọ. Adébáyọ̀, àbúrò mi, wà lára wọn. Lọ́jọ́ náà, ó ń sùn lórí bẹ́ǹṣì mi, ó fi fìlà bojú.

"Ẹ káàsán o, tata," ni ìyá tó mú Kaoussara wá fi kí mi. "Wọ́n ní ẹnì kan wà níbí tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń rìn nínú pápákọ̀ òfurufú."

Mo fi ṣíbí tọ́ka sí bẹ́ǹṣì. Mo ní, "Ẹni náà nìyẹn. Ẹ jí i."

Òótọ́ ni. Àbúrò mi ti ṣiṣẹ́ rí nínú pápákọ̀ ní Kùtọnù. Ó ń nu ilẹ̀, ó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ó rí àwọn ará ọ̀dọ̀ wa níbẹ̀, àgbàlagbà tó dúró bí adìẹ tó dé ìlú tuntun, tí wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa yà sí, tí ọkọ̀ ń fi sílẹ̀ lọ. Nígbà tí iṣẹ́ náà tán, tó padà wálé, tó di oní-zẹ́mì, ó sọ ibùdókọ̀ tí ọkọ̀ kò wá mọ́ yìí di pápákọ̀.

Fèrèsé tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì láyé ọjọ́un ni ibi tí èèyàn ti máa fi ẹrù sílẹ̀, tí wọ́n á fún un ní ìwé ìwọkọ̀. Ẹnu ọ̀nà yàrá èrò ni ọlọ́pàá wà. Òpó méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada mi ni ẹ̀rọ tó ń yẹ ara wò. Ó wá fi ẹfun kọ nọ́ńbà sára àwọn òpó tó kù, ìyẹn ni àwọn ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbà lọ sínú ọkọ̀. Èmi ni ọlọ́pàá. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni fún iṣẹ́ yẹn o.

Ìyá náà jókòó, ó sọ ohun tó gbé wọn wá. Ìyá Raoudath ni wọ́n ń pè é. Raoudath, àkọ́bí rẹ̀, ti kú sí Libreville ní Gábọ̀n, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún Nafiou ọkọ rẹ̀. Nafiou kò ní ẹni tó máa bá a tọ́ wọn. Tonton Abdoul-Kader, olórí ẹbí wọn, ti sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó jà á níyàn: Kaoussara ni yóò lọ rọ́pò ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Tó bá dé ọ̀hún, wọ́n á so yìgì òun àti Nafiou.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ni ìyá náà wí. Ohùn rẹ̀ ti há. Ó ti sunkún títí ẹkún fi sú u.

Kaoussara jókòó tì í. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ọkọ rẹ̀ ti kú, èlùbọ́ ló ń tà lọ́jà Tchaourou. Kò lọ sílé ìwé, kéwú nìkan ló mọ̀ ọ́n kà. Ó wo fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì, ó wo ewúrẹ́, ó wo àbúrò mi tó ń nu ojú oorun.

"Ṣé pápákọ̀ náà nìyí?"

"Òun nìyí," ni Adébáyọ̀ wí.

"Ṣé ewúrẹ́ wà ní ti Kùtọnù náà?"

"Rárá. Níbẹ̀, èèyàn nìkan ló ń dí ọ̀nà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ yíjú wò ó, torí láti ìgbà tí Raoudath ti kú, ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Èmi wo ojú àbúrò mi. Mo sọ fún ara mi pé wàhálà ti dé.

Kaoussara wá ń wá lọ́sàn-án, nígbà tí òòrùn bá ti lé gbogbo èèyàn wọlé. Adébáyọ̀ á gbé falíìsì òfìfo lé e lọ́wọ́, á ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"Níbo lẹ ń lọ?" ni èmi ọlọ́pàá máa bi í.

"Libreville."

"Ọ̀dọ̀ ta ni?"

"Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi."

"Rárá," ni Adébáyọ̀ máa wí. "Sọ pé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ."

"Kò tíì di ọkọ mi."

"Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má baà dá ọ dúró."

Á sọ ọ́. Àwọn méjèèjì á wá máa wo ilẹ̀, èmi náà á padà sídìí iṣu mi.

Adébáyọ̀ á ní, "Yọ bàtà. Yọ ẹ̀gbà ọwọ́. Tí ẹ̀rọ bá dún, dúró, má sáré. Ẹni tó bá sáré ni wọ́n máa ń fura sí."

"Tí mo bá ṣìnà ńkọ́?"

"Wá ẹni tó so káàdì mọ́ ọrùn, fi ìwé rẹ hàn án. Má tẹ̀lé èrò. Èrò ò mọ ibi tó ń lọ jù ọ́ lọ."

Ẹ̀kọ́ tí ẹlòmíràn ń fi ọ̀sán kan kọ́, Kaoussara fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kọ́ ọ. Kì í sì í ṣe pé kò gbọ́n. Ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣìnà ni. Ó mọ òpó tó yẹ kó lọ, á lọ dúró sí ti ìkangun, á ní, "Ṣé ibí ni?" Àbúrò mi á dìde, á gba falíìsì lọ́wọ́ rẹ̀, á ní, "Rárá, ọ̀wọ́n mi. Ọ̀hún ni." Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ pè é ní ọ̀wọ́n mi, iṣu jóná mọ́ mi lọ́wọ́.

Wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Gbogbo oní-zẹ́mì ibẹ̀ ló mọ̀, àwọn méjèèjì nìkan ni kò fi ẹnu sọ ọ́. Kaoussara á mu omi tán, á tún jókòó, á máa wo àbúrò mi bí ẹni tó bi èèyàn ní ìbéèrè tí kò tíì gbọ́ èsì. Àbúrò mi á máa fi ẹfun tún nọ́ńbà kọ.

Ọ̀rọ̀ náà sú mi. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo pè é.

"Lọ bá Tonton Abdoul-Kader."

"Kí n sọ pé kí ni?"

"Pé o fẹ́ ọmọ wọn."

"Onígbàgbọ́ ni mí, ẹ̀gbọ́n mi. Mùsùlùmí ni wọ́n."

"Ní Tchaourou níbí? Ṣé ìwọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí?"

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Kì í ṣe ìyẹn nìkan. Ọmọ mẹ́ta ló ń retí rẹ̀. Ṣé kí n já ìyá gbà mọ́ ọmọ aláìníyàá lọ́wọ́ ni?"

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́. Ṣé o ti sọ fún un pé o nífẹ̀ẹ́ rẹ̀?"

"Ó rẹ̀ mí, ẹ̀gbọ́n mi."

"Gbogbo wa ló rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Ó mú àkísà, ó ń nu alùpùpù tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ìrìnàjò pé, Ìyá Raoudath bẹ̀ mí pé kí n bá wọn lọ, torí Adébáyọ̀ ló máa sin Kaoussara lọ, kò sì yẹ kí obìnrin àti ọkùnrin dá rìn. Òun fúnra rẹ̀ kò lè lọ. Ó ní òun ti sin ọmọ kan lọ sí Gábọ̀n rí, òun ò lè sin èkejì. Kí ni mo fẹ́ sọ sí ìyẹn? Mo ti agbada sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo wọ takisí.

Ọ̀nà Kùtọnù jìn. Nígbà tí a fi máa débẹ̀, ẹsẹ̀ mi ti wú, ẹnu gbogbo wa ti gbẹ. Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà pápákọ̀ wo ìwé Kaoussara, ó ní ẹni tó ń rìnrìn àjò nìkan ló lè wọlé.

Kaoussara dì mọ́ mi. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún Adébáyọ̀, ó ní, "Ẹ ṣé o." Kò tíì dìde. Ó ń dúró de nǹkan kan, èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi ní, "Má gbàgbé láti yọ ẹ̀gbà ọwọ́."

Ó dìde, ó wọlé. Inú bí mi gan-an. A lọ jókòó sábẹ́ igi kan níta.

Fóònù àbúrò mi ti bàjẹ́, kò ṣeé gbé sétí, àfi kí ohùn máa jáde síta kedere. Bí mo ṣe gbọ́ gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

"Mo ti fi ẹrù sílẹ̀," ni Kaoussara wí nígbà tó kọ́kọ́ pè. "Wọ́n ti fún mi ní ìwé. Nọ́ńbà karùn-ún ló wà lára rẹ̀."

"Ilẹ̀kùn karùn-ún nìyẹn. Ọlọ́pàá ńkọ́?"

"Ó bi mí ọ̀dọ̀ ẹni tí mò ń lọ."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní ọ̀dọ̀ ọkọ mi."

"O ṣe dáadáa."

Kaoussara pa fóònù, kò pẹ́ ó tún pè. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Mo ti wọ ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù. Lọ́fínńdà ló kún inú rẹ̀. Mi ò rí ọ̀nà mìíràn. Mo dúró, mo ń kí wọn, wọn ò dáhùn. Ṣé mo lè gba àárín ọjà ẹni ẹlẹ́ni kọjá láìra nǹkan?"

"Ṣọ́ọ̀bù yẹn kò sí níbẹ̀ nígbà tí mo wà níbẹ̀," ni àbúrò mi wí. "Gba àárín rẹ̀. Ọ̀nà ni."

"Láìkí wọn?"

"Kí wọn, kí o máa lọ."

A gbọ́ ọ tó ń kí wọn, "Ẹ kú ọjà o, ẹ kú ìjókòó o," títí ó fi jáde ní òdìkejì. Èmi rẹ́rìn-ín. Adébáyọ̀ kò rẹ́rìn-ín.

"Mo ti dé ilẹ̀kùn náà," ló wí níkẹyìn. "Àwọn èèyàn ti ń tò."

"Má kánjú. Ìjókòó rẹ kò ní sá."

"Mo gbọ́."

A ń gbọ́ ariwo èrò, a ń gbọ́ ọmọdé kan tó ń sunkún nínú ibẹ̀. Àbúrò mi dìde dúró.

"Kaoussara."

"Mo ń gbọ́."

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Láti ọjọ́ tí o ti bi mí léèrè ewúrẹ́ ni. Má lọ. Padà wá, n ó bá Tonton Abdoul-Kader sọ̀rọ̀, n ó dọ̀bálẹ̀ fún un. Jọ̀ọ́, ọ̀wọ́n mi."

Mo rò pé fóònù ti já.

"Adébáyọ̀," ló wí. Kò tíì pe orúkọ rẹ̀ báyẹn rí. "Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń wá gbọ́ ní ibùdókọ̀ lójoojúmọ́. Ẹsẹ̀ mi dùn mí dé ibẹ̀, mo sì ń wá. Ká ní o sọ ọ́ níbẹ̀ ni, ǹ bá ti sọ fún ìyá mi. À bá wá bí a ṣe máa kó àwọn ọmọ wá sílé."

"Kò tíì pẹ́ jù."

"Faridath pè mí láàárọ̀ yìí. Òun ló kéré jù nínú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó bi mí pé aṣọ wo ni n ó wọ̀, kí òun lè dá mi mọ̀. Mo ní aláwọ̀ ewé. Ó ní òun á dúró níwájú gbogbo èèyàn." Ohùn rẹ̀ já, ó tún mú un padà. "Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ. Má jẹ́ kí n ṣe ọmọ yẹn bẹ́ẹ̀."

Àbúrò mi fi ọwọ́ bo ojú. Mo fi ọwọ́ mi lé e lẹ́yìn.

"Ó ku èmi nìkan," ni Kaoussara wí. "Obìnrin tó wà níbí ń pè mí. Kí ni mo máa ṣe?"

Adébáyọ̀ nu ojú. "Ṣí pasipọ́ọ̀ rẹ síbi tí àwòrán rẹ wà. Fi ìwé ìwọkọ̀ sáàárín rẹ̀. Fún un."

"Mo ti fún un. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn yìí ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀, ọ̀wọ́n mi. Mi ò kọjá ibẹ̀ rí."

"Ó dáa. N ó máa béèrè."

Fóònù pa.

A dúró títí ọkọ̀ fi gbéra. A ò rí i, òrùlé bo ojú wa, ariwo rẹ̀ nìkan la gbọ́. A rìn lọ síbi tí takisí wà, a wá àyè, a jókòó. Àbúrò mi fi orí ti fèrèsé láti Kùtọnù. Nígbà tí a dé Bohicon, tí èrò kan sọ̀ kalẹ̀, ó gbé orí kúrò lára fèrèsé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ ọ́."

"Mo gbọ́."

"Ó pẹ́."

"Ó pẹ́, àbúrò mi," ni mo wí, mo sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ kó tó lọ."