Ọkùnrin Tó Ń Dá Ẹja Padà Sínú Ọ̀sà

Ẹran Iléyá tí Khairiyyah gbé lọ fún ayálégbé wọn, ọwọ́ méjèèjì ni ọkùnrin náà fi gbé e padà lé e lọ́wọ́. Ó dúpẹ́, ó tẹrí ba, ó ní òun kì í jẹ ẹran. Ní Ìsàlẹ̀ Gángan, lọ́jọ́ Iléyá, ẹ tiẹ̀ rò ó wò. Àlímọ̀t, ìyá Khairiyyah, wo abọ́ náà títí, ó ní ẹni tó bá kọ irú ẹran yìí, á ní ohun tó ń jẹ ní kọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ara ti ń fu Khairiyyah.

Nimal ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, ọmọ Síríláńkà, tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe fún àwọn tó ń ṣe ọnà sára agbádá. Ilé-iṣẹ́ tó mú un wá sí Èkó ti kógbá sílé, ló bá gba yàrá kan lọ́wọ́ Alhaji Mùtíù, bàbá àgbà Khairiyyah, tó ni ilé. Láràárọ̀ ni Nimal máa ń jókòó sílẹ̀, á ká ẹsẹ̀ kò, á di ojú, kò sì ní mira fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ère kékeré kan wà níwájú rẹ̀ tí òun náà ká ẹsẹ̀ kò. Khairiyyah, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ti yọjú wò ó lójú fèrèsé tó ìgbà mẹ́fà. Èèyàn gidi wo ló ń jókòó báyẹn láìsí ohun tó ń dúró dè?

Ihsan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, ní ariwo lásán ni gbogbo ìyẹn, kó lọ wá ẹ̀rí wá. Ó ní bó bá lè rí fídíò yà, kò sẹ́ni tí kò ní mọ orúkọ rẹ̀ nílé-ìwé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ Khairiyyah ju bó ṣe yẹ lọ, torí ta ló mọ̀ ọ́n níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Lọ́jọ́ tí òṣùpá máa kún, Nimal wọ funfun láti òkè délẹ̀, ó ra ẹja àrọ̀ ààyè mẹ́fà sínú ike, ó sì forí lé etí ọ̀sà nítòsí Lafiaji. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni. Khairiyyah ń tẹ̀ lé e, ó ń fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn mọ́tò tí wọ́n páàkì. Ọkùnrin náà lóṣòó, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó sì ń rọra da àwọn ẹja náà sómi lọ́kọ̀ọ̀kan. Aṣọ funfun, ọjọ́ òṣùpá, ẹja, ọfọ̀, kí ló tún kù? Fóònù Khairiyyah ń ya gbogbo rẹ̀.

Bí Nimal ṣe yíjú padà, ó rí i. Kò bínú. Khairiyyah bi í tààrà pé ṣé ètùtù ló ń ṣe ni.

"Ẹ̀sìn Búdà ni mò ń ṣe," ni Nimal fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. "Gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ló ń bẹ̀rù ikú bí èmi àti ìwọ. Àwọn tí wọ́n fẹ́ pa ni mo tú sílẹ̀ yìí. N kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ omi."

Ó ṣàlàyé pé Búdà kì í ṣe Ọlọ́run, èèyàn ni, olùkọ́ ni, ère náà sì wà láti rán òun létí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni. Olùkọ́ náà ní ìyà wà láyé, ìfẹ́ ọkàn tí kì í tó ló sì ń fà á, torí ohun tó ń kọjá lọ ni èèyàn ń dì mú ṣinṣin. Ẹni tó bá tú ọwọ́ sílẹ̀ á bọ́ lọ́wọ́ ìyà. Ọ̀nà ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òtítọ́, ìwà tí kì í pa ẹlòmíràn lára, àti ọkàn tó pa rọ́rọ́. Ọkàn yẹn ni òun ń kó jọ láràárọ̀ tí òun bá jókòó. Fóònù ṣì ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo àkókò náà.

Ó yé Khairiyyah. Ohun tó dunni níbẹ̀ nìyẹn, ó yé e dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé tó wo fídíò náà, ó rí i pé àlàyé yẹn kò ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ló bá gé e kúrò. Ó fi ibi aṣọ funfun, ẹja àti ẹnu tó ń mì sílẹ̀, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá wo ohun tí ayálégbé àwọn ń ṣe, ó sì fi ránṣẹ́ sí Ihsan.

Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, fídíò náà ti gba ọwọ́ Ihsan kárí ilé-ìwé àti àdúgbò. Àwọn tí kì í kí i tẹ́lẹ̀ nílé-ìwé wá ń dì mọ́ ọn, orí rẹ̀ sì wú. Ìgbà tó darí dé ló bá èrò lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò ti já ilẹ̀kùn Nimal, wọ́n ti fọ́ ère rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn létí ọkùnrin náà, ẹnìkan sì ń sọ pé kí wọ́n lọ wá táyà wá. Alhaji Mùtíù dúró láàárín wọn, ó ń bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò ká wọn mọ́.

Nimal gbójú sókè, òun àti Khairiyyah sì ṣe ojú mẹ́rin. Ó mọ ẹni tó bá òun létí ọ̀sà. Khairiyyah ń dúró kó nàka sí òun, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ìtìjú bo ọmọbìnrin náà. Láti ọjọ́ yìí ló ti ń fura pé ọkùnrin yìí ń fi nǹkan pamọ́, àṣé òun gan-an ló ń fi nǹkan pamọ́. Bó bá sọ̀rọ̀, orúkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní bàjẹ́ nìyẹn. Bó bá dákẹ́, wọ́n á pa ọkùnrin yìí. Ó já wọ àárín èrò, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, èmi ni mo ya fídíò yẹn," ó ní. "Mo gé ìyókù rẹ̀ kúrò ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ tán kí wọ́n tó tún fọwọ́ kàn án."

Ó tan odindi fídíò náà tó ṣì wà lórí fóònù rẹ̀ fún wọn gbọ́. Ẹni tó ń bèèrè táyà ló kọ́kọ́ rọra yọ́ lọ, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Alhaji Mùtíù bẹ Nimal títí, ó ní òun máa ṣe ilẹ̀kùn tuntun fún un. Nimal gba ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ó kó jáde lọ́jọ́ kẹta. Ihsan kò bá Khairiyyah sọ̀rọ̀ mọ́.

Khairiyyah ló bá Nimal gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ dé títì. Ẹkún ló fi bẹ̀ ẹ́. Nimal ní òun ti dárí jì í, ṣùgbọ́n kó sọ ohun tó ń wá gan-an nígbà tó ń gé ọ̀rọ̀ òun kúrò.

"Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ mí ni, sà," ó ní.

Wọ́n sì ti wá mọ̀ ọ́n. Bó bá ń kọjá ní Ìsàlẹ̀ Gángan lónìí, wọ́n á ní ọmọ tó gé fídíò ló ń lọ yẹn. Ó ti kọ́ ọ pé òtítọ́ tí èèyàn bá gé ní ààbọ̀ ti di irọ́, àti pé ìfẹ́ kí ayé máa pariwo orúkọ ẹni lè mú èèyàn fi ẹ̀mí ẹlòmíràn ṣeré.