Ẹran Ara Rọ̀bọ̀tọ̀

Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni ìyàwó télọ̀ kú sí, abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú aṣọ. Obìnrin tó máa ń kún ẹnu ọ̀nà tẹ́lẹ̀ ti gbẹ bí igi ìdáná láàárín oṣù mẹ́fà, ọmú òsì rẹ̀ sì le bí òkúta.

Ẹ mọ ẹnu ayé. Òkú ò tíì wọlẹ̀ tí wọ́n ti mú àjẹ́. Àbúrò télọ̀ ni wọ́n nàka sí, ìyá àgbà tí gbogbo ilé ń pè ní Rọ̀bọ̀tọ̀, tó ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan náà. Bí ìyàwó ṣe ń rù lòun ń sanra. Ẹyẹ dúdú kan tún wá bà lójú fèrèsé rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ó parí! Bí ẹni pé ẹyẹ ò gbọdọ̀ sinmi.

"Ẹran tó bọ́ lára ìyàwó mi lo gbé wọ̀! Jẹ́wọ́!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run."

"O ò ní jáde títí o fi máa jẹ́wọ́."

Télọ̀ ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kẹrin, níbi tó ti ń wẹ̀ nínú bàsíà, ọwọ́ Rọ̀bọ̀tọ̀ ba kókó kan lábẹ́ ọmú ara rẹ̀. Irú rẹ̀ ló mú ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Ó gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì tó wá gba yúnífọ́ọ̀mù. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀kùn. "Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí! Kókó wà lọ́mú mi!"

"Ẹ gbọ́!" Télọ̀ fò sókè. "Òkú ti ń gbẹ̀san!"

"Ẹ ṣílẹ̀kùn kí n tó ké sí àdúgbò!" ni nọ́ọ̀sì sọ fún un. Télọ̀ ṣí i.

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan kókó náà. Ojú rẹ̀ le. "Tìyàwó yín ńkọ́? Ẹ ò rí i?"

Télọ̀ họ orí. "Àyà òsì ń tóbi. Mo tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó lè gbà á."

"Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n, ẹ rí i, ẹ wá tú aṣọ!"

"Kò tíì máa rù nígbà yẹn, mo ní ó ń sanra ni. Ṣebí ìtọ́jú ni."

"Ìtọ́jú wo? Jẹjẹrẹ ni! Tí nǹkan oṣù bá ti dá lára obìnrin, ọ̀rá ara ló ń pèsè omi ara obìnrin tí wọ́n ń pè ní họ́mọ́ọ̀nù. Tí ọ̀rá bá pọ̀ jù, omi náà á pọ̀ jù, ó sì lè máa bọ́ kókó inú ọmú. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó sanra ni àrùn yìí ń mú, ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ náà ń ní in. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá tètè rí ṣeé wò. Ẹ wá ti obìnrin yìí mọ́lé!"

Télọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́nu ọ̀nà. "Àbúrò mi, jọ̀ọ́..."

Rọ̀bọ̀tọ̀ ti wọ bàtà láti bá nọ́ọ̀sì lọ sí ọsibítù. Kò pè é ní ẹ̀gbọ́n mọ́.

"Dìde, kí n rọ́nà kọjá. Ọjọ́ mẹ́rin lo ti jẹ nínú ayé mi."