Ọjọ́ Tí Ẹja Sẹ́ Mi Létí Èbúté

Ìdí mi há sínú tíúbù táyà ọkọ̀ àjàgbé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, létí èbúté, lójú gbogbo ayé. Ẹ rọra rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ. Èmi tó há síbẹ̀ ti rẹ́rìn-ín rẹ̀ jù yín lọ.

Ọmọkùnrin mi tó ń tún ọkọ̀ ṣe ló fún mi ní tíúbù náà. Ó ní bí mo bá máa tẹ̀ lé ọmọ òun lọ sétí omi, n kò gbọdọ̀ wọ omi láìsí ohun tó máa gbé mi léfòó. Ó wá fi ojú wọn ìdí mi, ó ní, "Ìyá mi, ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò lè gbà yín. Ti àjàgbé ni." Ọmọ tí mo fi inú mi bí. Àṣé ti àjàgbé gan-an kò gbà mí. Mo ti orí wọ̀ ọ́, ó gba orí kọjá, ó gba àyà kọjá pẹ̀lú ìjà díẹ̀, nígbà tó dé ìbàdí, ó jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ ọjọ́ tí yóò lọ. Mo fà á sókè, kò lọ. Mo tì í sísàlẹ̀, kò lọ. Ni mo bá ń rìn kiri lórí iyanrìn pẹ̀lú fìlà ìwẹ̀ pupa lórí mi, ṣòkòtò bọ́ọ̀lù olóògbé ọkọ mi nídìí mi, tíúbù dúdú yí mi ká. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà létí omi lọ́jọ́ yẹn, ìdí tirẹ̀ ló wọ́.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ni mo tẹ̀ lé débẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ẹja ni gbogbo wa ń pè é, torí láti kékeré, bí wọ́n bá gbé e sínú ọpọ́n ìwẹ̀, ẹkún ni wọ́n fi ń gbé e jáde. Ọdún méjì ló fi kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ níléèwé. Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun fẹ́ yan ọ̀dọ́ mẹ́wàá tí wọ́n máa kọ́ bí a ṣe ń yọ ẹni tó ń rì sínú omi, ní gbogbo ìsinmi gígùn. Bí fèrè bá ti dún ní aago mọ́kànlá, gbogbo wọn á lúwẹ̀ẹ́ lọ sí pèpéle onípákó tó léfòó láàárín omi, wọ́n á sì padà. Mẹ́wàá tó bá kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kan iyanrìn ló wọlé. Ẹja kò rí nǹkan mìíràn rò mọ́. Bí ó bá ń fọ abọ́, apá ló fi ń gbá omi inú bàsíà, ilẹ̀ ilé ìdáná wa kì í gbẹ.

Etí omi náà kò ní ìjàngbọ̀n kankan. Odi òkúta gígùn kan ló dá ìgbì dúró lọ́ọ̀ọ́kán, èyí tó bá ráyè wọlé sọ́dọ̀ wa dákẹ́ bí omi inú garawa. Lókèèrè, kéréènì ń já ẹrù inú ọkọ̀ ojú omi. Nítòsí, àwọn ìkókó jókòó sínú omi tí kò ju kókósẹ̀ lọ, wọ́n ń fi ṣíbí bu iyanrìn sẹ́nu, àwọn ìyá wọn sì ń fi ìka yọ ọ́. Lẹ́nu ọ̀nà, kí tíúbù tó mú mi lẹ́rú, obìnrin ẹlẹ́nu mímú kan so báǹdì aláwọ̀ ewé mọ́ wa lọ́wọ́. Ọmọ àti àgbà tó mú un wá, nọ́ńbà kan náà ni.

"Méjìlélógójì ni tiyín," ó ní. "Ẹ má yọ ọ́ o. Bí ọmọ bá sọnù, tàbí bí omi bá fẹ́ gbé e, nọ́ńbà yìí la fi ń mọ ẹni tí a máa pè."

Mo ní, "Bí omi bá wá gbé èmi ńkọ́?"

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Màmá, omi wo?"

Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn lójú ẹsẹ̀.

Ibi tí mo ti ń bá tíúbù wọ̀yá ìjà lẹ́yìn agboòrùn ńlá kan ni àwọn ọmọ kíláàsì Ẹja méjì ti dé láti wá wòran. Ọ̀kan ga, ó fi awò dúdú sójú. Awò ni mo sọ ọ́ nínú ọkàn mi. Èkejì kúrú, kò sọ̀rọ̀, ẹ̀rín nìkan ló mọ̀ ọ́n rín. Wọ́n dúró ti Ẹja, ẹ̀yìn ni gbogbo wọn kọ sí mi, wọn ò mọ̀ pé mo ti sún mọ́ wọn.

"Ẹ wo ìyá tó wọ táyà yẹn láàárọ̀ yìí," ni Awò wí. "Ṣé o rí wọn, Ẹja? Ó jọ pé ìwọ ni wọ́n ń juwọ́ sí lẹ́ẹ̀kan. Ṣé o mọ̀ wọ́n ni?"

Kúkúrú bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi kẹ̀?" ni Ẹja dáhùn. "Mi ò mọ̀ wọ́n. Bóyá wọ́n ṣìnà ni."

Bó ti ń sọ̀rọ̀ náà ló fi ọwọ́ pa mọ́ ẹ̀yìn. Ó já báǹdì ọwọ́ rẹ̀, ó jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀, ó sì ń fi gìgísẹ̀ wọ́ iyanrìn bò ó bí ológbò ṣe ń bo ìgbẹ́ mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi í rín. Mo rín in, ṣùgbọ́n kò dé ikùn. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ló nu ìdí ọmọ yẹn fún ọdún méjì, nígbà tí ìyá rẹ̀ ń lọ síbi iṣẹ́ ní kùtùkùtù. Mo rìn sẹ́yìn díẹ̀, mo jókòó. Ká sọ òótọ́, tíúbù ló jókòó, èmi kàn wà nínú rẹ̀.

Kò pẹ́ tí olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi pe àwọn olùdíje. Ọkùnrin tín-ín-rín ni, fèrè rẹ̀ tóbi ju ọrùn rẹ̀ lọ. Ó ń wo ọwọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan, títí ó fi kan Ẹja.

"Báǹdì rẹ dà?"

"Ó já sínú omi, sà."

"Omi wo? Irun rẹ gbẹ táútáú."

Ẹja fi ọwọ́ kan irun rẹ̀.

"Ẹni tó mú ọ wá ńkọ́?"

"Wọ́n lọ ra omi, sà."

"Etíkun la wà, wọ́n lọ ra omi." Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. "Gbọ́, ọmọ yìí. Mi ò lè jẹ́ kí ẹni tí kò ní ẹnì kan lórí iyanrìn wọ inú omi yẹn. Bí iṣan ẹsẹ̀ rẹ bá sún kì láàárín omi, ta ni kí n pè? Ogún ìṣẹ́jú ló kù."

Ó wo yíká, ojú rẹ̀ bá báǹdì ọwọ́ mi. Ó rìn wá. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú àwọn ọmọ yìí ni tiyín?"

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ọkàn kan ní kí n sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n rí, kóun náà tọ́ ọ wò. Ọkàn kejì ní kí n yára gbà á sílẹ̀ kó má pàdánù ohun tó ti ń fojú sọ́nà fún. Ẹnu mi ti là fún ti àkọ́kọ́, àmọ́ nígbà tí mo rí bí ètè rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n, mo gbé e mì.

Mo ní, "Ẹ bi wọ́n léèrè. Ẹni tó bá mọ̀ mí á sọ."

Ẹja wò mí. Ó wo Awò. Ó wo pèpéle onípákó lọ́ọ̀ọ́kán.

"Ìyá àgbà mi ni," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ju ti yànmùyánmú lọ.

"Mi ò gbọ́," ni olórí ẹ̀ṣọ́ wí.

"Ìyá àgbà mi ni wọ́n. Àwọn ló bí bàbá mi. Mo já báǹdì mi, mo sì bò ó mọ́lẹ̀, torí ojú ń tì mí."

"Kí ló ń tì ọ́ lójú?"

Ẹja nàka sí ìdí mi. Gbogbo etíkun yíjú sí ìdí mi. Mo yí padà díẹ̀ kí àwọn tó wà lẹ́yìn náà lè rí i dáadáa.

Awò bọ́ awò rẹ̀. "Ìwọ náà, Ẹja. Ṣé torí ìyẹn ni? Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yá mi ní táyà náà ni tí wọ́n bá bọ́ ọ tán. Orí àga ni ìyá àgbà tèmi máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Mi ò mọ ohun tí mi ò ní fún wọn kí wọ́n bá mi jáde lọ́jọ́ kan."

Ẹja yíjú wo èmi àti tíúbù mi.

Olórí ẹ̀ṣọ́ ní òfin ni òfin, kó lọ wú báǹdì rẹ̀ jáde. Ni iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ́ bá bẹ̀rẹ̀. Ẹja ń gbẹ́, Awò ń gbẹ́, Kúkúrú ń gbẹ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, bí mo bá gbìyànjú ẹ̀, tíúbù á ta mí padà sókè; mo bá di ọ̀gá kọngílá, mò ń pàṣẹ, "Ẹ gbẹ́ apá ọ̀tún. Ẹ má da iyanrìn sí ọbẹ̀ àwọn tó ń jẹun yẹn." Báǹdì kò sí níbẹ̀. Ìgbà tí a gbójú sókè la rí i lórí ilé iyanrìn kan, ọmọ ọdún mẹ́rin kan ti fi ṣe àsíá. Ọmọ náà ní àsíá òun ni. Bàbá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ẹyin sísè méjì tí mo gbé wá fún oúnjẹ wa ló gbà kó tó fi sílẹ̀, ó sì ní kí n bá òun bó o.

Mo ń bó ẹyin kejì lọ́wọ́ nígbà tí fèrè dún.

Ẹja já báǹdì gbà, ó sáré. Nígbà tó débẹ̀, àwọn yòókù ti jìnnà, orí wọn nìkan là ń rí. Olórí ẹ̀ṣọ́ mi orí.

"Ó dùn mí," ó ní. "Àmọ́ ariwo ni iṣẹ́ tiwa. Ẹni tó bá rí ẹni tó ń rì gbọ́dọ̀ lè pariwo láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Bí ojú bá ń tì ọ́ láti pe ìyá àgbà rẹ, o kò tíì tó. Padà wá ní ìsinmi tó ń bọ̀."

Ẹkún tí ọmọ yẹn sun, kò sí irú rẹ̀ láti ìgbà ọpọ́n ìwẹ̀. N kò sọ fún un pé ó dára bẹ́ẹ̀. Mo ní kó wá fa nǹkan yìí kúrò lára mi ná. Ó fi ọṣẹ pa mí ní ìbàdí, lójú gbogbo èèyàn, ó ti ẹsẹ̀ mọ́ òkúta kan létí omi, Awò di òun náà mú lẹ́yìn. Wọ́n fà, mo mí síta, tíúbù fò, àwa mẹ́ta sì já sínú omi. Ẹja ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú omijé lójú.

Lẹ́yìn náà, ó bi olórí ẹ̀ṣọ́ bóyá òun lè lúwẹ̀ẹ́ lọ síbi pèpéle náà lásán, láìdíje. Ọkùnrin náà wo báǹdì ọwọ́ rẹ̀, ó wo tèmi, ó ní kó máa lọ. Ó lọ, ó bọ̀, kò sinmi. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ká ní ó bá wọn díje ni, n kò mọ ẹni tí ì bá ṣíwájú rẹ̀. Ohun tó sì ń dun òun náà nìyẹn títí dòní.

"Ẹ má bínú, Ìyá àgbà," ó ní, nígbà tó jókòó tì mí, tí omi ń kán lára rẹ̀.

"Mo ti bínú tán. Jẹ búrẹ́dì. Kò sí ẹyin mọ́."

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka èyí, mo mọ̀ pé àwa àgbà máa ń dójú tì yín. Ìwọ̀nba ìgbádùn tó kù fún wa nìyẹn. Àmọ́ ẹ̀rín ọ̀rẹ́ tí ẹ ń sá fún lè má ní ibi nínú rárá, ohun tí ẹ sì sọ nù nítorí rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ. Ẹ jẹ́wọ́ ẹni yín nígbà tí ohùn jẹ́jẹ́ ṣì tó. Bó bá pẹ́, ariwo lẹ máa fi jẹ́wọ́ ẹ̀, fèrè á sì ti dún.