Èdè Tó Làágùn Sí

Inú mọ́tò tó ń ti Òsí lọ sí Ìlọfà ni mo ti kọ́kọ́ rí Ìbítóyè, ẹ̀rù rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ bà mí. Ọdún 1978 ni. Ó jókòó tì mí, ó dijú, ó ń sọ ohun kan lábẹ́nu tí kì í ṣe Yorùbá, tí kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì.

Ọmọ Aládùúrà ni mí. Nínú ìjọ wa, ẹni tó bá dijú tó ń sọ èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́, ẹ̀mí ló gùn ún. Mo yáa tẹrí ba. Nígbà tó dákẹ́, mo ní, "Àmín."

Ó lajú, ó wò mí. Ó ní èdè Rọ́ṣíà lòun ń kọ́ sórí. Gbogbo èrò ọkọ̀ fi mí rẹ́rìn-ín títí a fi dé Ìlọfà, àmọ́ òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kò tíì sí ẹni tó ṣe àmín sí ọ̀rọ̀ òun bẹ́ẹ̀ rí. Kí oṣù tó pé, mo ti mọ̀ pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Tíṣà ni. Ìjọba fẹ́ rán an lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ lókè òkun, ọ̀nà méjì ló sì ṣí sílẹ̀ fún un: Rọ́ṣíà àti Jàpáànù. Wọ́n ní kó mú ọ̀kan. Níbi méjèèjì, èdè wọn ni wọ́n fi ń kọ́ni, kò sí ti Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Ó ti ra rédíò kékeré kan tó ń gba ẹ̀kọ́ èdè méjèèjì láti òkè òkun, pẹ̀lú ìwé wọn, kó lè mọ èyí tó le jù.

Lọ́sàn-án Sátidé, a ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé ìwé, rédíò á wà láàárín wa. Èdè Jàpáànù rọ̀ lẹ́nu bí iyán. Ọ̀rọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ tiwa, èmi náà ń pè é tẹ̀ lé wọn. Ti Rọ́ṣíà dà bí ìgbà tí èèyàn ń rún eegun. Ṣùgbọ́n tó bá kan kíkà, ọ̀rọ̀ yí padà. Lẹ́tà Rọ́ṣíà kò pọ̀, Ìbítóyè ti ń kà á kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Ti Jàpáànù kò lópin. Bí o bá mọ ọgọ́rùn-ún lónìí, ẹgbẹ̀rún ṣì ń dúró dè ọ́ lọ́la.

"Ọ̀kan le lẹ́nu, èkejì le lójú," ló wí. "Adúmáadán mi, èwo ni kí n mú?"

Lójú tèmi, èyí tó bá rọrùn ni kó mú, kó lè tètè parí, kó tètè padà. Àfi ìgbà tí màmá mi gbọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n mi Elijah ti lọ sí London láti ìgbà tí mo wà ní kékeré. Ó fẹ́yàwó síbẹ̀, a kò fojú kàn án mọ́.

"Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé," ni màmá mi wí. "Elijah ò gbọ́ òwe yẹn. Ó ti mọ Gẹ̀ẹ́sì kó tó kúrò ní ulé yìí. Ibi tí ẹnu bá ti rọ ọkùnrin lọ́rùn, ó máa ríbi sùn níbẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó tọ̀sán-tòru. Bí èdè bá rọrùn, á jókòó síbẹ̀. Bí ó bá le, á pẹ́ níbẹ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí tọ Ìbítóyè lọ kó lè fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ó pa rédíò.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà, Damaris. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo fi ń jẹun. Lọ́hùn-ún, màá dà bí odi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bá odi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ṣé odi ò ní tẹ̀ lé e?"

Mo sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó gbá mi mọ́ra, kò sì parọ́ tù mí nínú.

Nínú ìjọ wa, ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò a máa jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú pẹpẹ. Màmá mi, tó jẹ́ olórí àwọn ìyá ìjọ, ló ní kí Ìbítóyè wá jẹ́ tirẹ̀ ní èdè méjèèjì. Àwọn alàgbà ń kùn. Màmá mi bi wọ́n pé ẹ̀jẹ́ tí èèyàn kò lè fẹnu ara rẹ̀ sọ níbi tó ń lọ, báwo ló ṣe máa san án níbẹ̀? Wọ́n gbà fún un.

Ọjọ́ ìsinmi pé. Ìbítóyè bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn: "Mo ní ìyàwó ní Òsí. Damaris lorúkọ rẹ̀. Màá padà sọ́dọ̀ rẹ̀."

Ó sọ ọ́ ní èdè Jàpáànù, ó ń ṣàn geerege. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi nìkan ni mo ń rántí Elijah.

Ó bọ́ sórí ti Rọ́ṣíà. Ó há a lọ́fun. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún há. Òógùn ń kán láti iwájú orí rẹ̀, ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ rin gbindin. Ó ń já ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń hú kùkùté, títí ó fi kan ìsàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ti parí.

Èmi mọ̀. Mo ní, "Àmín." Ìjọ gbè é lẹ́yìn mi.

Màmá mi dìde. "Rọ́ṣíà ni kó lọ. Èyí tó làágùn sí ni mo gbà gbọ́."

Wọ́n ṣe ìdána wa, ó sì lọ. Ọdún ń gorí ọdún. Àwọn ará àdúgbò ń sọ ti àwọn tó lọ tí wọn kò padà, wọ́n á sì rọra wò mí. Èmi àti ẹ̀rù jọ ń gbélé, a jọ ń sùn.

Ní 1985, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní gáréèjì Òsí. Ó rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá mi níbi tí a ti ń dúró dè é. Kó tó kí ẹnikẹ́ni, ó sọ ẹ̀jẹ́ náà ní èdè Rọ́ṣíà, ó sì ń ṣàn geerege. Kò há rárá. Mo ní nínú ọkàn mi pé ọ̀rọ̀ wa ti parí, ẹnu ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn níbẹ̀.

Ó wá dọ̀bálẹ̀ fún màmá mi láti kí i ní èdè wa. Ọ̀rọ̀ há a lọ́fun. Ó tún un bẹ̀rẹ̀.

"Màámi... Damaris... mo... mo dé ulé."

Màmá mi kò ríran dáadáa mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ wá iwájú orí rẹ̀, ó bá a tó tutù rinrin fún òógùn. Ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún.

"Àmín," ló wí.