Àwòrán Alága Pyo

Ògiri ti ṣófo. Àwòrán olóògbé Alága Pyo, tó dá ilé-iṣẹ́ Cheongmaru sílẹ̀, ti pòórá. Tábìlì kékeré kan ló kù níbẹ̀: ẹja lápá òsì, ẹran màlúù lápá ọ̀tún, ife ọtí ìrẹsì, eérú tùràrí. Fèrèsé ṣí sílẹ̀ nínú òtútù Busan, kí òkú lè rọ́nà wọlé wá jẹun.

Ọ̀gá ọlọ́pàá Tak Mi-ran dúró wò ó pẹ́. Ilé ńlá báyìí, kò séèyàn níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí Cheongmaru fọ́ sí mẹ́ta láàrin àwọn ọmọ rẹ̀, Jun-mo, àkọ́bí, mú iṣẹ́ ọkọ̀ òkun. Seok-ha, àbúrò rẹ̀, mú iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì. Yeon-ok, ọmọbìnrin kan ṣoṣo, ni wọ́n ju iṣẹ́ núdù fún. Lọ́la ni wọ́n máa wó ilé náà. Ẹni tó bá gbé àwòrán yẹn kọ́ sílé rẹ̀ ni ayé máa kà sí àrólé.

"Seok-ha ni!" Jun-mo pariwo nígbà tí Mi-ran pe àwọn ọkùnrin méjèèjì jọ. "Ọwọ́ ẹ̀ ò mọ́ láti kékeré. Èmi ò bókùú da nǹkan pọ̀ mọ́, ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ."

Seok-ha rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ àlùfáà! Ẹ lọ tú ilé ẹ̀."

"Tí wọ́n bá ń gbóúnjẹ síwájú òkú nílé yín, ta ló ń tò ó?" Mi-ran bi í.

"Àwa ọkùnrin ni. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, níwájú tábìlì; ilé ìdáná làwọn obìnrin ń dúró sí."

"Ẹja ńkọ́?"

"Ọ̀tún. Ta ni ò mọ̀yẹn?"

Mi-ran wakọ̀ lọ sílé Yeon-ok. Yeon-ok, tó ti di ìyá àgbà, fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Àwòrán náà fara ti ògiri, ó kọjú sí abọ́ ìrẹsì kan ṣoṣo.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹja ni, mà. Apá òsì lẹ gbé e sí. Ẹni tó ń wo tábìlì látẹ̀yìn, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ló máa ń rí i bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ lèmi náà dàgbà sí."

Yeon-ok jókòó. "Kọ́kọ́rọ́ ilé Bàbá ṣì wà lọ́wọ́ mi. Jun-mo ti pa oúnjẹ ẹ̀ tì, ẹjọ́ àwòrán nìkan ni wọ́n ń rò. Látọjọ́ tí mo ti dáyé, wọn ò jẹ́ kí n forí balẹ̀ síwájú tábìlì yẹn rí. Nígbà tí mo gbóúnjẹ náà kalẹ̀ tán, mi ò lè fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Èmi nìkan ni mò ń gbé, òun náà nìkan ló wà. Ẹ wá ní mo gbóúnjẹ ẹ̀ sódì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Yéè. Á ti wá ẹja ẹ̀ tì."

Àánú rẹ̀ ṣe Mi-ran gan-an. "Ẹ̀yin nìkan lẹ gbóúnjẹ wá fún un, mà. Á rí i."

Ó gbé àwòrán náà, torí iṣẹ́ ni. Yeon-ok sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó sì forí kanlẹ̀.