Ìbéèrè ni Nọ́ọ̀sì Bi Wá, Àdúrà La Fi Dáhùn

Ìsìn ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ajah lọ́jọ́ Ìsinmi tí mò ń wí yìí. Àwọn kan ti ń na ọrùn sí ẹnu ọ̀nà níbi tí bàtà wọn wà, nítorí àwa aláṣọ funfun kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà. Wòlíì Àyànṣọlá, olùṣọ́ àgùntàn wa, ní kí ẹnikẹ́ni má tíì lọ. Ó ní a ní àlejò.

Àlejò náà ni Nọ́ọ̀sì Ṣèyílọ́lá, láti ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ládùúgbò. Ó kí wa dáadáa.

"Ọ̀rọ̀ àìsàn ìsoríkọ́ ló gbé mi wá," ló wí. "Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́. Àìsàn ni, bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe jẹ́ àìsàn. Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè mẹ́sàn-án. Kí kálukú ro ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá yìí. Ṣé ohun tí ẹ máa ń gbádùn tẹ́lẹ̀ ò wù yín ṣe mọ́?"

"Kò ní rí bẹ́ẹ̀ fún wa," ni gbogbo ìjọ dáhùn.

"Ṣé ó máa ń rẹ̀ yín ṣáá, láìjẹ́ pé ẹ ṣiṣẹ́ kan tó le?"

"Kò ní rẹ̀ wá lágbára Olúwa."

"Ṣé ẹ kì í rí oorun sùn, àbí ẹ ń sùn jù?"

"Oorun ìyè la ó máa sùn."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Èmi Ìyá Fikáyọ̀ tí mo jókòó síbẹ̀, èmi tí mò ń rán sùtánà fún ìdajì ìjọ náà, èmi náà ń ṣe àmín pẹ̀lú wọn. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì dé orí èyí tó kẹ́yìn, tó béèrè bóyá ó máa ń wá sí wa lọ́kàn pé ó sàn ká kú tàbí ká ṣe ara wa léṣe, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" ló gba ilé kan. Àwọn obìnrin ń ta ìka yí orí wọn ká. Ẹnu ẹni la kúkú fi ń kọ mé jẹ.

Abọ́sẹ̀dé tó jókòó tì mí nìkan ni kò ta ìka. Apá ibi tí àwọn ọkùnrin jókòó sí ló ń wò. Olúdélé ọkọ rẹ̀ ń dáhùn láti ìbẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbéèrè tó kẹ́yìn dé, tí gbogbo èèyàn ń kígbe, ó pa ẹnu rẹ̀ dé, ó ń wo ilẹ̀.

Nọ́ọ̀sì gbé bébà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè ni mo bi yín, àdúrà lẹ fi ń dá mi lóhùn. Àdúrà dáa. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, ṣé ẹ máa ń bá ẹ̀rọ jiyàn ni?"

Ó wá pín bébà ìbéèrè náà fún wa, Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó ní ká mú un lọ sílé, ká fi òótọ́ dá a lóhùn. "Rárá" jẹ́ òdo, "ọjọ́ mélòó kan" jẹ́ oókan, "ó ju ìdajì àwọn ọjọ́ náà lọ" jẹ́ eéjì, "ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́" jẹ́ ẹẹ́ta. Ó ní tí a bá rò ó pọ̀, tó bá tó mẹ́wàá, ká lọ rí wọn nílé ìwòsàn.

"Bébà yìí kì í ṣe dókítà o," ló wí. "Ó kàn ń júwe ọ̀nà ni. Ṣùgbọ́n tí ìdáhùn èyí tó kẹ́yìn bá ti yàtọ̀ sí 'rárá', ẹ má dúró ro nǹkan kan pọ̀. Nọ́ńbà mi wà nísàlẹ̀ bébà, ẹ pè mí lójú ẹsẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Olúdélé jẹ́ fún yín, nítorí èmi kì í yin èèyàn lásán. Ọmọ Ìkìrun ni. Iṣẹ́ táìsì ló ń ṣe, àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́nà Ibeju-Lekki, nítòsí ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, òun ló lẹ táìsì ọ̀pọ̀ nínú wọn. Òun náà ló lẹ ti pẹpẹ wa, kò gba kọ́bọ̀. Tó bá lẹ táìsì tán, tó gbẹ, á kúnlẹ̀, á máa fi eegun ìka kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, á dẹ etí sí i. Èyí tó bá dún bí ohun tó ṣófo, á yọ ọ́, á tún un lẹ̀, bí onílé ò bá tilẹ̀ mọ̀. Victor tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń pè é ní Dókítà Táìsì.

Àfi ìgbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀ tí ọkùnrin yìí yí padà. Ó ní orí òun ń gbóná, ó ní ó ń ṣe òun bíi pé nǹkan ń rìn lórí òun. Ó lo oògùn ibà, ó lo ti táífọ́ọ̀dù, pàbó. Ó gbé sùtánà rẹ̀ wá fún mi pé kí n bá òun gbà á wọlé, ó ti fẹ̀ jù. Mo ní, "Délé, ṣé ìyàwó ẹ ò fún ẹ lóúnjẹ ni?" Ó ní, "A dúpẹ́, mà." Gbogbo ohun tí ẹ bá bi í nígbà náà, "a dúpẹ́" ni.

Victor ló kọ́kọ́ lọ bá Abọ́sẹ̀dé. "Ìyàwó wa, Bùrọ̀dá Délé ò kan táìsì mọ́ o. Wọ́n á lẹ ẹ́, wọ́n á kọjá lọ. Mo fi ọ̀kan tó ṣófo hàn wọ́n, wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wà lọ́kàn Abọ́sẹ̀dé tó fi ń wo ọkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó ṣe nígbà tí wọ́n délé, àwọn méjèèjì ló sọ ọ́ fún mi, wọ́n sì ní kí n máa sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́.

Ó ní kí Máyọ̀wá ọmọ wọn wá bá mi ṣeré nílé. Ó wá gbé bébà náà síwájú ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Máyọ̀wá, tèmi ni ká kọ́kọ́ ṣe. Ẹ máa kà á, kí n máa dáhùn."

Olúdélé kà á. Abọ́sẹ̀dé ní, "Inú mi bàjẹ́. Ẹ kọ 'ọjọ́ mélòó kan'."

Ọkọ rẹ̀ gbójú sókè. "Ìwọ náà?"

"Èmi náà. Láti ìgbà tí ẹ ò ti bá mi sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́."

Bó ṣe dáhùn gbogbo rẹ̀ nìyẹn, kò fi ọ̀kan pamọ́. Wọ́n rò ó pọ̀, kò tó mẹ́wàá. Ó wá gba báírò lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀.

"Ó kàn yín. Ẹ má gbàdúrà sí i, a ti gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Ẹ̀yin èèyàn, obìnrin yìí gbọ́n. Ẹni tó bá ti rí i pé aya òun tú inú rẹ̀ sílẹ̀ níwájú òun, báwo ló ṣe fẹ́ máa dúpẹ́ kiri? Olúdélé bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Oorun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́. Oúnjẹ, bákan náà. Iṣẹ́ ò wù ú ṣe, ó rò pé òun ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n dé orí èyí tó kẹ́yìn, ó gbójú kúrò lára bébà náà.

"Abọ́sẹ̀dé, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹ̀yin méjèèjì á sinmi tí mi ò bá sí mọ́."

Ká ní èmi ni, ariwo ni ǹ bá pa, gbogbo ojúlé á ti gbọ́. Abọ́sẹ̀dé ò pariwo. Kò ta ìka, kò ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́", kò bá a jà. Ó dì í lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ sọ fún mi. Ẹ ò ní dá a gbé mọ́."

Ó pe Nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n gbé fóònù fún Olúdélé, ó bi í tààrà bóyá ó ti ń gbèrò bí yóò ṣe pa ara rẹ̀. Olúdélé ní rárá, èrò náà kàn máa ń wá ni. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n má fi Olúdélé nìkan sílẹ̀, kí wọ́n kó oògùn apakòkòrò àti ohunkóhun tó lè ṣe é léṣe kúrò nílé, kí wọ́n sì wá rí dókítà ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì. "Tí nǹkan bá yí padà kó tó di ìgbà yẹn, ẹ má dúró dè mí. Ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù ńlá tó bá sún mọ́ yín." Abọ́sẹ̀dé ránṣẹ́ sí Victor náà, ó gbé ẹní wá, ó ní òun wá bá ọ̀gá òun sùn.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ò lè ṣe kó má ta sí àwọn àgbà obìnrin kan létí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní ẹ̀mí kan ló ń dà á láàmú, kí ó wá sùn sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó gbààwẹ̀. Abọ́sẹ̀dé ò bá wọn fa ọ̀rọ̀. Ó tọ Wòlíì lọ, ó sọ gbogbo rẹ̀.

Wòlíì bi í pé, "Ó ń jẹun?"

"Rárá, Bàbá. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi oúnjẹ sílẹ̀."

"Ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ, ààwẹ̀ wo ló tún kù tó fẹ́ gbà? Èmi á máa gbàdúrà, èmi náà á bá a gbààwẹ̀. Òun ní tiẹ̀, kó jẹun, kó lo oògùn rẹ̀. Ọlọ́run ló dá dókítà."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bọ̀wọ̀ fún Wòlíì Àyànṣọlá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí Nọ́ọ̀sì wí, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àìsàn mìíràn wà níbẹ̀. Ó ní ìsoríkọ́ ni. Ó fún un ní oògùn, ó sì fi í lé ẹni tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ó ní oògùn náà á lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó mú iṣẹ́ ṣe, kó má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Olúdélé fi ní oògùn ò ṣiṣẹ́, òun fẹ́ jáwọ́. Abọ́sẹ̀dé bi í pé, "Bàbá Máyọ̀wá, ṣé wọ́n máa ń tẹ táìsì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀?"

"Rárá o. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ ná."

"Ẹ jẹ́ kí oògùn náà gbẹ."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Abọ́sẹ̀dé ní ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí òun rí lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe pé ó yá lọ́jọ́ kan. Tó bá lọ sílé ìwòsàn, Nọ́ọ̀sì á tún bi í ní ìbéèrè mẹ́sàn-án náà, iye rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ní ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, mo gbé sùtánà ọmọ akọrin kan lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbọ́ kò, kò, kò láti iwájú. Olúdélé ni, ó kúnlẹ̀ níbi pẹpẹ, ó dẹ etí sílẹ̀.

"Ìyá Fikáyọ̀, ọ̀kan ṣófo níbí o. Mo máa tún un lẹ̀."

Mo ní, "Délé, ṣé dáadáa ni?"

Ó dìde, ó gbọn ekuru orúnkún rẹ̀, ó rò ó wò. "Lónìí, ó dáa, mà. Àná ò fi bẹ́ẹ̀ dáa, mo sọ fún Abọ́sẹ̀dé, a sì pe Nọ́ọ̀sì."

Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kí ọkùnrin yìí, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa dá mi lóhùn nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo olóya ló ń ṣe. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí inú yín ṣì bàjẹ́, tí ohun tí ẹ fẹ́ràn ò wù yín mọ́, tí oorun tàbí oúnjẹ yí padà, tí ara ń ro yín tàbí tí orí ń gbóná tí oògùn ibà ò ràn án, ẹ wá ìbéèrè yìí nílé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín. Ẹ fi òótọ́ dá a lóhùn, ẹ má fi ìkíni tàbí àdúrà dí i. Ẹ má fi iye tó bá jáde ra oògùn fúnra yín, ẹ gbé e lọ fún dókítà. Ẹni tí èrò ikú bá ń wá sí lọ́kàn, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ wá ìrànlọ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹni yín tó bá sì ń sọ pé "a dúpẹ́" lójoojúmọ́, tí ojú rẹ̀ ò dúpẹ́, ẹ bi í lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì jókòó gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.